Ṣé èèyàn lè fi káńpà orí píkọ́ọ̀pù ṣe ilé ní Amẹ́ríkà?

Ìbéèrè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Dallas ni mò ń gbé. Nọ́ọ̀sì alárìnkiri ni ìyàwó mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá mẹ́tàlá ni wọ́n máa ń gbà á síṣẹ́. Bó bá ṣe é tán níhìn-ín, ó tún di ìlú mìíràn. Èmi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti ilé. Owó ilé tí à ń san ní ìlú tí a kì í pẹ́ sí ti sú wa. Mo ní Ford F-150 kan tí mo ti san gbèsè rẹ̀ tán. Mo fẹ́ ra káńpà, ilé kékeré tí wọ́n máa ń gbé ka ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, kí àwa méjèèjì gbé inú rẹ̀ fún ọdún méjì, ká máa ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ká sì fojú rí Amẹ́ríkà kí ọmọ tó dé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orí mi ti dàrú. Ṣé ó ṣeé ṣe? Èwo ni kí n rà?

* * *

Ó ṣeé ṣe. Inú rẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi wà báyìí, a ò sì tíì kọ ara wa sílẹ̀. Ṣùgbọ́n "èwo ni kí n rà" kò tíì kàn. Ẹ dìde, ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ F-150 yín. Lára òpó ilẹ̀kùn, ẹ ó rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tó ní àwọ̀ yẹ́lò. Ó wà níbẹ̀ pé àpapọ̀ ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ, ní kílò àti ní pọ́ùn. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka nǹkan mìíràn tí a bá sọ níbí.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé iye tí ọkọ̀ lè fà ni ìpolówó máa ń pariwo. Fífà yàtọ̀ sí rírù. Píkọ́ọ̀pù tó ń fa tọ́ọ̀nù mẹ́rin lẹ́yìn lè má lè ru tọ́ọ̀nù kan, rírù sì ni wọ́n ń ru káńpà. Àwọn F-150 tí mo ti ka bébà wọn, láàárín 600 sí 900 kílò ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ẹ yọ ìwọ̀n ara yín méjèèjì kúrò níbẹ̀. Ẹ yọ aṣọ, ìkòkò, kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́. Omi ńkọ́? Gálọ́ọ̀nù kan ti Amẹ́ríkà jẹ́ kílò 3.8, nítorí náà táńkì gálọ́ọ̀nù 40 tó kún ti tó 150 kílò kẹ́ ẹ tó gbé àwo kan ṣoṣo wọlé.

Káńpà fúnra rẹ̀, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ni èyí tí òrùlé rẹ̀ ń lọ sókè, ń wá sílẹ̀, tí apá òkè ògiri rẹ̀ jẹ́ aṣọ àgọ́. Irú èyí tí Four Wheel Campers ń ṣe ní Woodland, California. Ó fúyẹ́, nǹkan bíi 500 sí 700 kílò lófìfo. Èkejì ni èyí tí ògiri rẹ̀ le láti òkè dé ìsàlẹ̀: Lance, Arctic Fox, Northern Lite àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Láti nǹkan bíi 1,000 kílò ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń yọ síta kí yàrá lè fẹ̀ sì lè kọjá 2,000 bí ẹrù bá ti kún un. Ìwọ̀n tí olùtajà kọ sínú ìwé, ìwọ̀n òfìfo ni: kò sí omi níbẹ̀, kò sí gáàsì, nígbà mìíràn kò sí bátìrì àti ẹ̀rọ amúlétutù pàápàá.

Torí náà, káńpà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ ṣírò ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tó bá kún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ tó lè rù ú. Gbogbo ayé ló ń ṣe é sódì, torí ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. F-350, Ram 3500 tàbí Silverado 3500 tó ní táyà méjì lẹ́yìn lè ru nǹkan bíi 1,600 sí 1,800 kílò. Èyí tó ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn lè gbé 2,300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun mìíràn tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wúwo, nítorí náà ọkọ̀ kan náà, bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, ẹrù tó lè rù dín sí ti bẹntiróòlù. Agbára ọkọ̀ pọ̀ sí i, àyè ẹrù dín kù.

* * *

Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ wa níbí ti dá mi lóhùn o. Ẹnì kan ní Denver ní mò ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ó ní òun gbé káńpà ológiri líle sórí F-150, òun fi àpò afẹ́fẹ́ sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, òun fi sípíríǹgì kún sípíríǹgì, òun pààrọ̀ táyà sí èyí tó nípọn, òun sì ti fi jẹ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko láìsí wàhálà. Àwọn mẹ́ta ti gbè é lẹ́yìn.

Mo gbọ́. Àpò afẹ́fẹ́ dára, ó wà lábẹ́ tèmi náà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè kí ó má tẹ̀, kí iná iwájú má máa tan sí ojú ọ̀run. Kò kan bíréèkì, kò kan àgbá ẹsẹ̀, kò kan axle, irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, kò sì yí nọ́ńbà ara òpó ilẹ̀kùn padà. Ọkọ̀ tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn á dúró ṣánṣán bí ẹni pé kò rẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹni tó bá wá láti Denver ti mọ ọ̀nà I-70 tó ti Eisenhower Tunnel sọ̀kalẹ̀ lọ sí Silverthorne. Orí òkè tó ga tó 3,400 mítà ni tọ́nẹ́ẹ̀lì yẹn wà, ọ̀nà náà da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gan-an, wọ́n sì ṣe ọ̀nà àyàbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún tírélà tí bíréèkì rẹ̀ bá já. Bí wọ́n bá ń wọn ọkọ̀, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Orí ìdagẹ̀rẹ́ ni ó ti ń san gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí ẹlòmíràn sì fara pa, lọ́yà rẹ̀ á ka bébà òpó ilẹ̀kùn yẹn sétígbọ̀ọ́ adájọ́ kó tó béèrè orúkọ yín.

Bàbá kan tó ń wa tírélà láti Houston ló sọ ọ̀rọ̀ tó wúlò jù níbẹ̀. Ó ní kí a yé jiyàn, kí a lọ gun CAT Scale, òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń ra epo, owó kékeré ni, ó sì ń wọn ẹsẹ̀ iwájú lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni káńpà ń pa. Ó tún ní kí a wo àmì tí wọ́n ń fi sí ẹ̀gbẹ́ káńpà láti fi hàn ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dá lé. Àmì yẹn gbọ́dọ̀ bọ́ sí iwájú àárín táyà ẹ̀yìn. Bó bá bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, orí ọkọ̀ á máa fúyẹ́, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á sì máa ṣeré. Ìdí nìyẹn tí káńpà tí wọ́n ṣe fún ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ kò fi gbọ́dọ̀ dé orí èyí tó kúrú. Bàbá, ẹ ṣeun.

* * *

Ẹlòmíràn béèrè: "Kí ló dé tẹ́ ò kúkú ra fáànù, bọ́ọ̀sì tí wọ́n sọ inú rẹ̀ di ilé?"

Nítorí nọ́ọ̀sì. Ẹ tún ìbéèrè ọkùnrin yìí kà. Ìyàwó rẹ̀ máa lọ síbi iṣẹ́, máa bọ̀. Bí ẹ bá ń gbé inú fáànù, ilé ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ọkọ tó wà lórí ìpàdé kọ̀ǹpútà sì máa bá ilé lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ọsibítù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọsibítù kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Káńpà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin ní igun rẹ̀. Ẹ sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀, ẹ tú ìdè rẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ jáde lábẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣì máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ibùdó kẹ́ ẹ tó sanwó, torí àwọn kan kì í gbà kí káńpà dúró lórí ẹsẹ̀ láìsí ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn kì í sì gba èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ohun tí fáànù fi jù wá lọ, mi ò ní fi pamọ́. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn ní òru, ẹni tó wà nínú fáànù á kàn bọ́ sórí àga awakọ̀, á sì lọ. Ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn káńpà wà. Kẹ́ ẹ tó dé ibi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ jáde sójú ẹni tó kànlẹ̀kùn. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn èyí rárá, òun ló sì fà á tí a fi máa ń kẹ̀yìn sí ògiri tàbí igi níbi tí ara wa ò bá balẹ̀, tí iwájú ọkọ̀ á kọjú sí ọ̀nà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà sí ibòmíràn. Màmá kan láti Ìbàdàn béèrè pé ṣé torí kẹ́ ẹ lè sùn nínú mọ́tò lẹ ṣe tọrọ físà. Ẹ̀rín pọ̀. Ẹnì kan fi kún un pé bí mọ́tò bá jẹ́ ilé, àwọn awakọ̀ tírélà ti ń kó ilé wọn ká ní Apapa tipẹ́tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn awakọ̀ Apapa sílẹ̀. Àwọn yẹn lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí ìlà kí wọ́n tó wọ èbúté, wọ́n ń se gàrí àti ẹ̀wà lẹ́bàá táyà, torí bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ ìlà á gbà wọ́n lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá ó wù wọ́n. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà pàápàá, kì í ṣe gbogbo wọn ni ìrìn-àjò wù. Owó ilé ló lé ọ̀pọ̀ jáde, àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Grants Pass, ìlú kan ní Oregon, pé ìlú lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó sùn síta bí kò tilẹ̀ sí ibùsùn fún un níbòmíràn. Ọlọ́pàá tó bá bá yín ní òpópónà ìlú ní aago méjì òru kò ní béèrè bóyá ìgbádùn lẹ wá ṣe.

Ní ti ẹbí, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn ròyìn yín fún wọn. Ìyá ìyàwó mi gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìjọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kí a tó pè é. A fi fídíò hàn án: ibùsùn lókè orí ọkọ̀, sítóòfù, fíríìjì, ibi tí a ti ń wẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ńkọ́, ibo ló ń lọ?" A ṣàlàyé pé agolo kan wà tí wọ́n ń fà yọ láti ìta, tí a ó lọ dà sí ibi tí ìjọba tàbí ibùdó ṣe fún un. Ó ní kí ọkọ máa dà á. Èmi ni mò ń dà á.

* * *

Ibi ìsùn. Èrò tó wọ́pọ̀ jù ni pé ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà Walmart ni gbogbo wa ń sùn sí. Tẹ́lẹ̀ ni. Ní báyìí ọwọ́ máníjà ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan àti òfin ìlú ló wà. Ẹ wọlé, ẹ béèrè, ẹ ra nǹkan, ẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ lọ.

Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tí àjọ BLM ń bójú tó ní ìwọ̀-oòrùn ni ọrọ̀ gidi wà: Nevada, Utah, Arizona, àti àwọn tó yí wọn ká. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọjọ́ 14 nínú ọjọ́ 28 lẹ lè lò láìsan kọ́bọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣí lọ. Fún ìgbà òtútù, Quartzsite ní Arizona ní ilẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n ń pè ní La Posa, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san fún gbogbo sáà náà, omi wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí sì wà. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ilẹ̀ ọ̀fẹ́ wà, kẹ́ ẹ sì wo ibi tí ọsibítù tó ń gba nọ́ọ̀sì wà. Wọn kì í sábà pàdé. Ẹ̀yin á san owó ibùdó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá nítòsí ìlú, aṣálẹ̀ á di ti àárín iṣẹ́ kan sí òmíràn.

Ẹnì kan béèrè nípa àwọ̀ wa. Ó dára tó béèrè, torí àwọn tó ń ya fídíò káńpà kì í sọ ọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti wá kí wa pẹ̀lú kéèkì, mo sì ti rí ibi tí ọkọ̀ kan ti yí wa po lẹ́ẹ̀mẹta láìdúró. A kì í dé ibi tuntun lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn rárá, a máa ń lọ síbi tí àwọn arúgbó aláwọ̀ funfun méjì mẹ́ta ti pàgọ́, a ó kí wọn ká tó tú ẹrù, kí ojú wọn lè mọ̀ wá kí òru tó dé. Ìwé ọkọ̀ wà níbi tí ọwọ́ lè dé láìwá inú àpò.

* * *

Ìwé. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní green card dúró sí díẹ̀.

Àwọn tó ń rìn kiri fẹ́ràn ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Texas, Florida, South Dakota, torí pé ìpínlẹ̀ wọn kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́. Ní Livingston, Texas, tí kò jìnnà sí Houston, ẹgbẹ́ Escapees tó bẹ̀rẹ̀ ní 1978 ń gba lẹ́tà fún àwọn arìnrìn-àjò, ó sì ń fi ránṣẹ́ sí wọn níbikíbi. Ní South Dakota, ẹni tó bá sùn lálẹ́ ọjọ́ kan péré tí ó sì ní rìsíìtì lè bẹ̀rẹ̀ ètò ìwé ìwakọ̀. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ sọ fún USCIS, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó wá gbé Amẹ́ríkà, láàárín ọjọ́ 10 tó bá kó kúrò níbi tó ń gbé. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú, wọ́n á béèrè pé kẹ́ ẹ ti gbé oṣù mẹ́ta nínú ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ti kọ̀wé. Ẹ má ṣe tìtorí àpótí lẹ́tà ba ọ̀ràn yín jẹ́.

Owó nọ́ọ̀sì ló tún tóbi jù. Nínú owó tí wọ́n ń san fún nọ́ọ̀sì alárìnkiri, apá kan jẹ́ ti ilé àti oúnjẹ, wọn kì í sì gba owó orí lórí rẹ̀ bó bá ní ilé kan tó ń náwó lé, tó sì ń padà sí. Ẹni tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀, IRS, àjọ tó ń gba owó orí, á kà á sí alárìnkiri tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilé rẹ̀, owó yẹn á sì wọ inú èyí tí wọ́n ń gba owó orí lé. Àdírẹ́sì lẹ́tà kì í ṣe ilé lójú wọn. Torí náà bí ẹ bá dá ilé Dallas padà pátápátá kẹ́ ẹ lè fi owó ilé pamọ́, ó ṣeé ṣe kí owó orí gba èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́ lọ. Ẹ bá akáǹtáńtì tó mọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì alárìnkiri sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó ta àga kankan.

Alaska tí gbogbo yín ń béèrè: ọ̀nà ilẹ̀ gba Kánádà kọjá. Láti ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2022, ẹni tó ní green card gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè rẹ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá dání pẹ̀lú káàdì náà. Kò nílò físà. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tó ti kú nínú dúrọ́ọ̀ kò ní gbé yín dé Dawson Creek, ibi tí Alaska Highway ti bẹ̀rẹ̀. Ata inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sójú ọ̀daràn, Kánádà kò gbà á wọlé. Èyí tí wọ́n ṣe fún lílé béárì ni wọ́n gbà.

* * *

Oúnjẹ, nítorí àwọn ìyàwó ilé ti dé.

Ata díndín kò ṣeé ṣe nínú káńpà. Ìta la ti ń dín tiwa, lórí sítóòfù kékeré kan. Èéfín ata tó bá wọ inú fóòmù ibùsùn, ẹ máa bá a sùn. Irú wà nínú ìgò onídèrí lílọ̀, ìgò náà wà nínú ike onídèrí, síbẹ̀ a mọ ibi tó wà. Gàrí ni ọba ìrìn-àjò, kò fẹ́ iná, kò fẹ́ fíríìjì. Èlùbọ́ náà fúyẹ́, kì í sì bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù wa pọ̀ ní Houston, Dallas àti Maryland. Ní aṣálẹ̀ Nevada, ẹ ò ní rí ewédú rà.

Omi ni àwọn òyìnbó ń bẹ̀rù jù nínú ìgbé ayé yìí, ibẹ̀ sì ni ara ti tù wá jù. Ẹni tó dàgbà ní ilé olójú-kojú, tó ń gbé korobá kan wọ balùwẹ̀ láràárọ̀, tó sì ń kù díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ ní ìṣọ́-omi-lò. Gálọ́ọ̀nù 30 ń gbé àwa méjì lọ tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni ọ̀rinrin. Ẹni méjì tó sùn ní yàrá tó kéré tó bẹ́ẹ̀, èémí wọn nìkan ti tó láti mú kí ògiri máa ṣàn ní òwúrọ̀ òtútù. Ẹ wá fi àmàlà tó ń hó kún un. Abẹ́ fóòmù á hu olú bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè gba abẹ́ rẹ̀, nítorí náà pákó oníhò tàbí àkéte aláfẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣí ihò òkè díẹ̀ bí òtútù tilẹ̀ mú. Àwọn kan níbí ní kí ẹ ra hítà gáàsì kékeré tí kò ní páìpù ìta. Gáàsì tó ń jó ń tú omi jáde, yóò sì fi kún ọ̀rinrin náà. Ewu èéfín rẹ̀ sì dà bíi ti jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé nílé. Ẹ̀rọ ìgbóná tó bá káńpà wá, tí ẹnu rẹ̀ wà níta, ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì tàbí carbon monoxide, èéfín aláìlóòórùn tó ń pani, bá wà níbẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́.

Lórí bátìrì: lithium fúyẹ́, ó sì dára, ṣùgbọ́n kì í gba iná nígbà tí òtútù bá ti mú un dé ìsàlẹ̀ òdo, ibi tí omi ti ń di yìnyín. Inú ilé ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Sólà á tan fíríìjì, á gbé kọ̀ǹpútà, á gbé íńtánẹ́ẹ̀tì Starlink. Ẹ̀rọ amúlétutù ní ooru Texas, iná ibùdó ni yóò gbé e. Ẹ má jẹ́ kí olùtajà kankan fi pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tàn yín.

* * *

Ẹ̀yin ará Maryland, ọ̀rọ̀ kúkúrú. Tọ́nẹ́ẹ̀lì méjèèjì ti Baltimore kò gba ọkọ̀ tó gbé sílíńdà gáàsì ìdáná irú tiwa kọjá. Afárá Key ni à ń gbà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú omi Dali sì wó o ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta 2024. Ní báyìí, apá ìwọ̀-oòrùn I-695 ni kẹ́ ẹ fi yí ìlú po. Ẹ kọ gíga ọkọ̀ yín sórí bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Afárá kan wà ní Durham, North Carolina, tó ti bó òrùlé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè ní 2019. Wọ́n gbé e sókè tán, ó ṣì ń bó òmíràn.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà dé. Bébà rẹ̀ sọ pé 649 kílò. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jẹ́ 160. Ó ku 489. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, káńpà aláṣọ tó fúyẹ́ jù ńkọ́?"

Ẹ fi omi, gáàsì, bátìrì, aṣọ ẹni méjì àti oúnjẹ sí i, ẹ ó rí i pé ohun tó ṣẹ́kù kò tó ilé tí èèyàn lè gbé ọdún méjì nínú rẹ̀. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ káńpà. Ẹ lè tà á kẹ́ ẹ ra F-350 àlòkù, ẹ̀yìn gígùn, bẹntiróòlù.

Àmọ́ mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, mo sì máa sọ èyí tí àwọn oníkáńpà ẹlẹgbẹ́ mi kò ní fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá lójú kan, ìyàwó tó ń lọ tó ń bọ̀, ọkọ tó nílò tábìlì: tírélà kékeré, ilé onítáyà tí F-150 ń fà, bá yín mu ju káńpà lọ. Ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà ló máa ń tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀. Tírélà 2,500 kílò á gbé 250 sí 375 lé yín lórí. 489 lè gbà á, bí ẹ bá kó ẹrù yòókù sínú tírélà. Káńpà dára fún ẹni tí ọ̀nà ń pè, tó ń sùn níbi tuntun lóòrèkóòrè, tó ń wọ ojú ọ̀nà tóóró tí tírélà kò lè yí padà níbẹ̀. Iṣẹ́ ló ń gbé ẹ̀yin kiri.

Ó ní ìyàwó òun fẹ́ fojú rí i kí wọ́n tó ra ohunkóhun. Ọgbọ́n ni. Ẹ yá ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan, ní January, ẹ má yá a ní April. Kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó yín ń ṣe iṣẹ́ òru, kó máa sùn lọ́sàn-án nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin wà lórí ìpàdé ní mítà méjì sí orí rẹ̀. Ẹ wá sọ ohun tó sọ fún wa.